John Maynard Keynes: Ọkùnrin Tí Ó Ń Ra Ohun Tí Aráyé Ń Sá Fún

Bí a bá dárúkọ John Maynard Keynes nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn yunifásítì wa, ìwé ni ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ lọ sí: ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1936, èyí tí wọ́n ń bá jìjàkadì títí di òní. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sínú ilé, tí ó ń sọ bí ọjà ti rí fún àwọn tí ń nájà. Òun fúnra rẹ̀ ná ọjà owó fún bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ná an pẹ̀lú owó ara rẹ̀, ó ná an pẹ̀lú owó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ná an pẹ̀lú owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó jẹ èrè tí ó pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ọjà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ọ sí ìhòòhò. Ìhà yìí nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Àwa tí owó wa wà lábẹ́ ìṣàkóso Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1912 títí di 1959, ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí àwọn tí ó dúró ti àpótí owó náà jẹ́.

Ìlú Cambridge ni a bí i sí, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1883. Bàbá rẹ̀, John Neville Keynes, jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì ìlú náà. Ìyá rẹ̀, Florence Ada, fi ara jìn fún iṣẹ́ ìlú títí ó fi di olórí ìgbìmọ̀ ìlú Cambridge ní ọdún 1932. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, Maynard sì ni àkọ́bí. Ọmọ náà mọ̀wé débi pé ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ lọ sí Eton, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá, ní ọdún 1897. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí King's College ní Cambridge ní ọdún 1902. Ìṣirò ni ó kọ́. Nínú ìdánwò àṣekágbá ní ọdún 1905, ipò kejìlá ni ó wà, èyí tí ó dára púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní ọdún 1906 ó jókòó fún ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, ó sì ṣe ipò kejì. Ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní gba iṣẹ́ ní Ilé Ìṣúra. Keynes gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ Íńdíà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó dùn ún ni pé ìmọ̀ ọrọ̀-ajé wà lára ibi tí wọ́n ti fún un ní máàkì tí kò tó nǹkan. Ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àwọn tí ó dán òun wò kò mọ iṣẹ́ náà tó òun. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò sọ pé ìgbéraga ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbéraga náà sì bá a dàgbà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ níbẹ̀ ni pé kí ó ṣètò bí a óò ti kó akọ màlúù mẹ́wàá ránṣẹ́ sí Bombay. Ọdún méjì péré ni ó lò kí ó tó padà sí Cambridge láti máa kọ́ni. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Íńdíà rí títí ó fi kú. Síbẹ̀, ní ọdún 1913 ó tẹ ìwé jáde lórí owó rupee, ìjọba sì fi í sínú ìgbìmọ̀ ńlá tí yóò gbé ọ̀rọ̀ owó Íńdíà yẹ̀ wò. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń fi owó náà ra ìrẹsì àti aṣọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò rí ọjà wọn rí sì jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà nínú yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù láti pinnu bí owó náà yóò ti rí. Bí ìjọba amúnisìn ti ń ṣe nìyẹn níbi gbogbo.

Kí a má ṣe àbòsí, ìwé náà dára. Ó ṣàlàyé pé kò pọn dandan kí orílẹ̀-èdè kó wúrà pelemọ sínú ilé kí owó rẹ̀ tó lè níyì. Bí ó bá ní owó ìlú mìíràn tí ó dúró ṣinṣin ní ìpamọ́, tí ó sì lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó tó. Irú ètò kan tí ó fara jọ èyí, ṣùgbọ́n tí ó le jù ú lọ, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ní ọdún 1912. Pọ́n-ùn kan kò lè jáde sí ọjà Èkó tàbí Accra àfi bí pọ́n-ùn kan bá ti wà ní ìpamọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Keynes kọ́ ló dá ètò tiwa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti ń ronú, kí ó ka ìwé tí ó kọ nípa rupee.

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló gbé e dé Ilé Ìṣúra tí ó ti ń fẹ́, ní ọdún 1915. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ọjà owó àjèjì dáadáa, nítorí pé òun ni ó ń wá dọ́là àti owó ìlú mìíràn tí ìjọba fi ń ra ohun ìjà àti oúnjẹ. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1918 tí ó fi ìwà rẹ̀ hàn. Degas, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé, ti kú, wọ́n sì ń ta àwọn àwòrán tí ó kó jọ ní gbàǹjo ní Párísì. Àwọn ará Jámánì ń yin ìbọn ńlá lu ìlú náà lọ́wọ́. Ta ni ó fẹ́ ra àwòrán ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Keynes rọ Ilé Ìṣúra títí wọ́n fi fún ilé àwòrán ìjọba ní owó, ó bá wọn lọ sí Párísì, wọ́n sì rà á ní owó tí kò tó nǹkan. Òun náà ra èyí tí Cézanne yà, àwòrán èso ápù mélòó kan. Lónìí, kò sí ọlọ́rọ̀ tí kò mọ Cézanne.

Ní ọdún 1919 ó bá ìjọba lọ sí ìpàdé àlàáfíà ní Versailles. Nígbà tí ó rí ẹrù gbèsè tí wọ́n fẹ́ dì lé Jámánì lórí, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, ó sì lọ kọ ìwé kan tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ìwé yìí sọ ọ́ di olókìkí káàkiri ayé. Inú bí àwọn alágbára sí i. Fún ọdún púpọ̀, wọn kò pè é sí iṣẹ́ ìjọba mọ́. Ọkùnrin tí kò ní owó oṣù ìjọba mọ́ ní láti wá oúnjẹ. Ọjà owó ni ó lọ.

Ohun tí ó rò kò ṣòro láti lóye. Ó mọ̀ pé Faransé, Ítálì àti Jámánì ti ná owó tí wọn kò ní, pé wọn yóò máa tẹ owó bébà, owó wọn yóò sì máa rọ̀. Nítorí náà ó ta owó àwọn ìlú wọ̀nyí láìtíì rà á, ó sì ra dọ́là Amẹ́ríkà, rupee Íńdíà, àti owó Nọ́wè àti Dẹ́nmáàkì. Fún ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ta ohun tí a kò ní: ó dà bí ẹni tí ó gba owó iṣu lọ́wọ́ oníbàárà lónìí tí kò sì ní iṣu kankan nínú àká. Ìrètí rẹ̀ ni pé kí ọjọ́ tí ó dá tó pé, iṣu yóò ti kún ọjà, òun yóò sì rà á ní owó pọ́ọ́kú láti fi san gbèsè. Bí iṣu bá wọ́n ńkọ́? Èyí tí ó tún le sí i ni pé àwọn alágbàtà kì í béèrè gbogbo owó lọ́wọ́ ẹni. Díẹ̀ ni wọn ń gbà gẹ́gẹ́ bí ìdúró, ìyókù dà bí àwìn. Èrè kékeré ń tipa bẹ́ẹ̀ di ńlá. Àdánù kékeré náà ń di ńlá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, èrè ni. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1920, òun àti Falk, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó mọ ọjà Lọ́ńdọ̀nù, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì gba owó àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́. Duncan Grant àti Vanessa Bell, àwọn ayàwòrán tí kò mọ nǹkan kan nípa pàṣípààrọ̀ owó, wà lára àwọn tí ó fi owó sí i lọ́wọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ nítorí pé òun ni Maynard. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, owó Jámánì àti ti àwọn ìlú yòókù tí ó ti ń rọ̀ dìde lójijì. Ìdí tí ó fi dìde kò fìdí múlẹ̀, kò sì pẹ́ púpọ̀ kí ó tó tún ṣubú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, àwọn alágbàtà béèrè owó sí i, Keynes kò sì ní in. Owó ẹgbẹ́ náà lọ. Owó tirẹ̀ lọ. Gbèsè ló kù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀. Ohun tí ó sọ nípa owó Jámánì ṣẹ kọjá bí ẹnikẹ́ni ti lè rò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, dọ́là kan ṣoṣo tó tírílíọ̀nù 4.2 owó máàkì. Ẹni tí ó bá di ohun tí Keynes dì mú ní ọdún 1920 mú títí di ìgbà náà ìbá ti di ọlọ́rọ̀ ńlá. Ọkùnrin yìí ríran jìnnà, ṣùgbọ́n owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gbé e dé ibi tí ojú rẹ̀ rí. A kò rò pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó na ọ̀pọ̀ ènìyàn ní owó tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé owó àwọn tí ó fọkàn tán an ni ó fi kọ́ ọ.

Kò sá. Ó gba £1,500 ṣáájú lọ́wọ́ àwọn tí ń tẹ ìwé rẹ̀, ó sì lọ bá Sir Ernest Cassel, olówó ńlá kan, ẹni tí ó yá a ní £5,000. Ó tún padà sí ọjà pẹ̀lú èrò kan náà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra. Kí ọdún 1922 tó parí, ó ti san gbogbo gbèsè rẹ̀, ó sì ti dá àdánù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fi dandan mú un láti san èyí.

Ní ọdún 1925 ó gbé Lydia Lopokova, oníjó ará Rọ́ṣíà, níyàwó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó mọ̀wé fi ojú tẹ́ńbẹ́lú obìnrin náà. Ìgbéyàwó náà dára ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ọdún tí ó ṣáájú ìgbéyàwó yìí ni King's College fi í ṣe akápò àgbà. Láti ayébáyé, ilẹ̀ oko àti ìwé owó-yíyá ìjọba ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Cambridge ń fi owó sí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wọn ti ṣe é. Keynes ta púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, ó sì fi owó rẹ̀ ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́. Ó ya àpò owó kan sọ́tọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú £30,000 ní ọdún 1920, tí ó ń lò bí ó bá ti wù ú.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pé ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò dára. Ó rò pé òun mọ ìgbà tí ìṣòwò yóò gbòòrò àti ìgbà tí yóò rọ̀, pé òun lè rà ṣáájú kí òun sì tà ṣáájú àwọn ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1928 ó ti ra rọ́bà, òwú, àgbàdo àti tánganran sílẹ̀ nígbà tí iye owó wọn já wálẹ̀. Ní ọdún 1929, nígbà tí ọjà ìpín New York wó, kò rí i tẹ́lẹ̀. Owó rẹ̀, tí ó tó bí £44,000 ní ọdún méjì ṣáájú, ti wálẹ̀ sí iye tí kò tó £8,000. Ó gbìyànjú láti ta méjì nínú àwọn àwòrán rẹ̀ tí ó dára jù lọ, kò sì rí ẹni tí yóò san iye tí ó fẹ́.

Ẹni tí ó gbéraga tó bí a ti sọ yìí yí ọkàn padà. A kà á sí ìwà akin, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni yóò wá àwíjàre. Láti ìgbà náà lọ, kò sáré tẹ̀lé ìrìn ọjà mọ́. Ó yan ilé-iṣẹ́ díẹ̀ tí ó lóye iṣẹ́ wọn, ó ṣírò ohun tí wọ́n tó ní tòótọ́, ó dúró títí ẹ̀rù fi ba àwọn yòókù tí wọ́n fi ń tà á dànù, ó rà á, ó sì jókòó tì í fún ọdún púpọ̀. Àwọn ìyá wa tí ń ra gàrí pamọ́ nígbà tí ó bá pọ̀ yamùrá, tí wọn kì í kó o síta títí di ìgbà ọ̀wọ́n, kò ní rí ohun ìyanu nínú èyí. Ohun tí ó ṣòro ni pé kí a ṣe é nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé gàrí kò ní wọ́n mọ́ láé.

Ilé-iṣẹ́ mọ́tò Austin àti Leyland wà lára àwọn tí ó rà. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí báǹkì ń wó lulẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, ó ra ìpín wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó tún ra ìpín nínú àwọn tí ń wa wúrà ní Gúúsù Áfíríkà, nítorí pé ìjọba ibẹ̀ ti já owó rẹ̀ kúrò lára wúrà ní oṣù kejìlá ọdún 1932, èrè wúrà sì fò sókè. A kò lè kọjá ibí yìí láìsọ pé àwọn ènìyàn dúdú ni ó ń wọ inú ilẹ̀ lọ wa wúrà náà, lábẹ́ òfin tí ó ti iṣẹ́ tí ó sàn mọ́ wọn lójú láti ọdún 1911. Èrè náà dé Cambridge, ó tún ilé-ẹ̀kọ́ ṣe. Kò dé abúlé àwọn awakùsà.

Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1936, ó ya àwòrán ọjà ìpín fún àwọn òǹkàwé. Ó ní kí wọ́n ro ìwé ìròyìn kan tí ó tẹ fọ́tò ọgọ́rùn-ún obìnrin jáde, tí ó ní kí àwọn ènìyàn mú mẹ́fà tí ó lẹ́wà jù, ẹ̀bùn yóò sì jẹ́ ti ẹni tí ó bá mú èyí tí ọ̀pọ̀ mú. Kò ní sí ẹni tí yóò mú èyí tí ó wu òun. Olúkúlùkù yóò máa ṣírò ohun tí ẹlòmíràn rò pé àwọn ẹlòmíràn yóò mú. Olùkọ́ tí ó bá gbé eré yìí wá sí kíláàsì yóò rí i pé àwọn ọmọ lóye ọjà owó ju bí wọn yóò ti lóye rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò lọ.

Ní àárọ̀, kí ó tó dìde lórí ibùsùn, ni ó ń ka ìròyìn ọjà, tí ó sì ń bá àwọn alágbàtà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní ìparí ọdún 1936, owó rẹ̀ ti ju £500,000 lọ. Ọdún náà ni ó ra ìdì púpọ̀ nínú ìwé àfọwọ́kọ Isaac Newton ní gbàǹjo, àwọn ìwé tí Newton kọ nípa bí a ti ń sọ irin di wúrà, tí àwọn onímọ̀ kò kà sí.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní ọdún 1937, nígbà tí àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀. Lórí ibùsùn ni ó wà nígbà tí ọjà tún wó. Lọ́tẹ̀ yìí kò ta gbogbo ohun tí ó ní. Ó pàdánù ohun tí ó ju ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò National Mutual, tí ó ti jẹ́ alága rẹ̀ láti ọdún 1921, pàdánù owó ńlá, àwọn olùdarí sì ń fi ẹ̀sùn kàn án pé kò tà nígbà tí ó yẹ. Èsì rẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn yóò fi tà lẹ́ẹ̀kan náà, pé ẹni tí ń tọ́jú owó fún ìgbà pípẹ́ gbọ́dọ̀ lè ru àdánù láìbara jẹ́. Wọn kò gbà. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 1938. Ní King's College, wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Àpò tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú £30,000 ti di bí £380,000 nígbà tí ó fi kú. Ìwádìí tí a ṣe ní ọ̀rúndún yìí lórí ìwé ìṣirò kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fi hàn pé owó tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ pátápátá jèrè bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, nígbà tí ọjà Lọ́ńdọ̀nù jèrè bí 10.

Ogun kejì dá a padà sí Ilé Ìṣúra ní ọdún 1940, láìgba owó oṣù. Ní ọdún 1942 ó di Olúwa Keynes ti Tilton. Ní oṣù keje ọdún 1944 ó ṣe olórí àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Bretton Woods, níbi tí a ti dá Àjọ Owó Àgbáyé àti Báǹkì Àgbáyé sílẹ̀. Àbá tirẹ̀ ni pé kí owó àgbáyé kan wà tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbà, dọ́là ni ó sì jókòó sórí àga.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá gan-an nìyí. Nígbà ogun, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ọjà àwìn lọ́wọ́ Íńdíà, Íjíbítì àti àwọn ìlú tí ó ń ṣàkóso. Gbèsè náà ju mílíọ̀nù £3,000 lọ nígbà tí ogun parí. Láti ọdún 1942, àjọ kan tí ìjọba dá sílẹ̀ ni ó ń ra kòkó, ekuro àti ẹ̀pà wa, ó sì ń san iye tí ó wù ú. Ohun tí ó kù wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Keynes lọ tọrọ owó ní Washington ní ọdún 1945, wọ́n yá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní mílíọ̀nù $3,750, èyí tí wọn kò san tán títí di ọdún 2006. Nínú ètò rẹ̀, ó dábàá pé kí àwọn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ ní gbèsè yọ̀ǹda apá kan gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́ wọn fún ogun. Ẹni tí ó bínú ní Versailles nítorí gbèsè tí a dì lé Jámánì kò rí i pé ohun burúkú wà nínú kí àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ti Ashanti san nínú gbèsè Lọ́ńdọ̀nù. Àbá náà kò rí ẹsẹ̀ dúró tó bí ó ti fẹ́. Ṣùgbọ́n owó wa wà níbẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí ìjọba sì rẹ pọ́n-ùn sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1949, láti $4.03 sí $2.80, tiwa bá a wálẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ wa.

Keynes kò rí ọjọ́ náà. Ìrìn àjò Amẹ́ríkà ti tán agbára rẹ̀. Ó kú nílé rẹ̀ ní Tilton ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1946, ọjọ́ Àjíǹde, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ọrọ̀ tí ó fi sílẹ̀, pẹ̀lú àwòrán àti ìwé, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £480,000. Kò bímọ, King's College ni àwọn àwòrán àti ìwé náà bọ́ sí lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsìn ìrántí fún un ní Westminster Abbey ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, bàbá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, àti ìyá rẹ̀, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, wà láàyè, wọ́n sì wà níbẹ̀.